Oscar Micheaux: Ọkùnrin tó wá owó sinimá lọ sọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀

Bí a bá ń ka orúkọ àwọn aláwọ̀ dúdú tó kọ́kọ́ ṣe sinimá nílẹ̀ Amẹ́ríkà, orúkọ Oscar Micheaux ni yóò wà níwájú. Láàárín ọdún 1919 sí ọdún 1948, ọkùnrin yìí ṣe fíìmù tó tó 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó tún kọ ìwé ìtàn méje. Kì í ṣe ọmọ olówó, kò sì sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan ní Hollywood tó dúró lẹ́yìn rẹ̀.

A mú ìtàn rẹ̀ wá lónìí nítorí ọ̀rọ̀ kan tó ń jẹ àwọn ọmọ wa tó ń ṣe fíìmù lọ́kàn, yálà London ni wọ́n wà tàbí Houston tàbí Toronto. Àwọn tó ní ìtàn lọ́wọ́ pọ̀, àwọn tó mọ kámẹ́rà lò náà pọ̀, owó ni kò sí. Bí owó bá sì yọjú, ẹni tó mú un wá lè fẹ́ yí ìtàn padà, ó lè fẹ́ gba fíìmù náà mọ́ ẹni tó ṣe é lọ́wọ́, ó sì lè jẹ́ gbájúẹ̀ pátápátá. Ọgbọ̀n ọdún ni Micheaux fi wá owó fíìmù kiri. Nínú ìgbésí ayé rẹ̀, a ó rí i pé ibi tí owó ti wá ló ń sọ bí iṣẹ́ náà yóò ṣe rí.

Ọjọ́ kejì oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1884 ni wọ́n bí i, nítòsí ìlú Metropolis ní ìpínlẹ̀ Illinois. Calvin Michaux ni bàbá rẹ̀, Belle sì ni ìyá rẹ̀. Oscar fúnra rẹ̀ ló fi lẹ́tà kan kún orúkọ ìdílé náà nígbà tó dàgbà. Inú oko ẹrú ní Kentucky ni wọ́n bí Calvin sí. Ọmọ pọ̀ nílé wọn, iṣẹ́ àgbẹ̀ ni wọ́n ń ṣe jẹun, síbẹ̀ àwọn òbí rẹ̀ rí i dájú pé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 17, Oscar gba Chicago lọ. Ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń pa màlúù, ó ṣiṣẹ́ nílé-iṣẹ́ irin, ó sì nu bàtà fún àwọn èèyàn. Lẹ́yìn náà ló ríṣẹ́ sínú ọkọ̀ ojú irin Pullman, níbi tí àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú ti ń tẹ́ ibùsùn, tí wọ́n sì ń gbé ẹrù fún àwọn olówó tó ń rìnrìn-àjò. Iṣẹ́ náà mú un dé ọ̀pọ̀ ìlú ní Amẹ́ríkà. Ó ń tọ́jú owó rẹ̀, kì í ná ìnákúnàá. Ó sì ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń bá olówó sọ̀rọ̀ láìgbọ̀n, ẹ̀kọ́ tó wúlò fún un títí ọjọ́ ikú rẹ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1905, ó fi owó tó tọ́jú yìí ra ilẹ̀ ní Gregory County, ìpínlẹ̀ South Dakota, lára ilẹ̀ àwọn Sioux tó ń gbé ní Rosebud, èyí tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ ń pín fún àwọn àlejò. Àwọn òyìnbó ló yí i ká, ekukáká ni èèyàn fi máa rí aláwọ̀ dúdú mìíràn níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ rò pé kò ní pẹ́ tí yóò fi sá lọ. Ṣùgbọ́n ó ra ìbaaka, ó ń túlẹ̀ lójoojúmọ́, nígbà tó sì ṣe díẹ̀, ilẹ̀ tó ti ro ju ti ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọlá fún un. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ọ̀rọ̀ àwọn aládùúgbò yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún padà bá wọn.

Ọdún 1910 ló fẹ́ Orlean McCracken, ọmọ òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan ní Chicago. Ìgbéyàwó náà kò tọ́jọ́. Ọmọ tí wọ́n bí kò yè, ìyàwó bá bàbá rẹ̀ padà sílé, Micheaux àti àna rẹ̀ sì di ọ̀tá ara wọn. Lórí èyí, ọ̀dá tún dá, oko bàjẹ́, ilẹ̀ sì ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nítorí gbèsè. Ohun tó ṣẹ́kù tó lè tà kò ju ìtàn ara rẹ̀ lọ.

Ó jókòó, ó kọ ọ́. Ní ọdún 1913, ìwé The Conquest jáde ní ìlú Lincoln, ìpínlẹ̀ Nebraska, láìsí orúkọ òǹkọ̀wé lára rẹ̀. Micheaux ló san owó tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Kí ìwé náà tó jáde, ó ti ń lọ láti oko dé oko àti láti ìlú dé ìlú, ó ń gba orúkọ àwọn tó ṣèlérí pé àwọn yóò rà á. Ìlérí wọn yìí ló fi mọ̀ pé òun yóò lè san owó àwọn atẹ̀wé. The Forged Note tẹ̀lé e ní ọdún 1915, The Homesteader sì jáde ní ọdún 1917. Nígbà yẹn, ó ti kó lọ sí Sioux City ní ìpínlẹ̀ Iowa, ó sì ti dá ilé-iṣẹ́ ìtàwé tirẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu ọ̀nà àwọn àgbẹ̀ òyìnbó ló ti ń ta ọ̀pọ̀ ìwé wọ̀nyí.

Ní ọdún 1918, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ George Johnson kọ lẹ́tà sí i. Iṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ ni Johnson ń ṣe ní Omaha, ṣùgbọ́n òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Noble, tó jẹ́ òṣèré, wà nídìí Lincoln Motion Picture Company, ilé-iṣẹ́ sinimá àwọn aláwọ̀ dúdú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1916. Wọ́n fẹ́ sọ The Homesteader di fíìmù. Ire ńlá nìyí fún òǹkọ̀wé tó ń ta ìwé kiri. Ṣùgbọ́n Micheaux béèrè ohun méjì: kí fíìmù náà gùn tó láti gba gbogbo ìtàn, kí òun fúnra òun sì wà níbẹ̀ láti bójú tó iṣẹ́ náà. Wọn kò gbà, nítorí kò ṣe fíìmù rí. Ọ̀rọ̀ náà forí ṣánpọ́n, Micheaux sì pinnu pé òun yóò ṣe é fúnra òun.

Ìbéèrè tó kàn ni ti owó. Kò gba Hollywood lọ, kò sì wá olówó kan ṣoṣo tí yóò gbé gbogbo rẹ̀. Ó dá Micheaux Film and Book Company sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìpín nínú rẹ̀. Ẹni tó bá ra ìpín ti di ọ̀kan lára àwọn tó ni ilé-iṣẹ́ náà, èrè rẹ̀ yóò sì kàn án. Dọ́là 75 sí dọ́là 100 ni ìpín kan. Àwọn àgbẹ̀ òyìnbó tó wà ní agbègbè Sioux City, àwọn tó ti ń ra ìwé lọ́wọ́ rẹ̀, ló pọ̀ jù nínú àwọn tó rà á.

Ẹ jẹ́ ká wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ọdún 1918 là ń wí. Ní ọ̀pọ̀ ìlú Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú kò lè bá òyìnbó jókòó nílé oúnjẹ kan náà. Kí ló wá mú àgbẹ̀ òyìnbó kó owó àgbàdo rẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú tí kò gbé kámẹ́rà rí, kó lè fi ṣe sinimá? Èrò tiwa ni pé kì í ṣe sinimá ni wọ́n ra, Micheaux ni wọ́n rà. Ilé-iṣẹ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ẹni tó ni ín kì í ṣe àlejò. Àgbẹ̀ bíi tiwọn ni. Ó ti ṣèlérí ìwé fún wọn rí, ìwé sì dé. Owó tí ẹnì kọ̀ọ̀kan dá kò pọ̀ débi tí yóò fi bà á láyé jẹ́ bó bá ṣòfò. Fún Micheaux náà, kò sí ẹnì kan nínú wọn tí ìpín rẹ̀ pọ̀ tó láti gba ìtàn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ àyà, ọwọ́ kan kò sì gbé àyà náà lọ.

Chicago ni wọ́n ti ya The Homesteader. Ọjọ́ 20 oṣù Kejì ọdún 1919 ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn, ní gbọ̀ngàn ńlá Eighth Regiment Armory nílùú náà. Fíìmù aláìfọhùn ni, ó sì gùn dáadáa, bí Micheaux ṣe fẹ́ ẹ. Àwọn òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan fẹ̀sùn kàn án pé ó tàbùkù àlùfáà, nítorí àna rẹ̀ wà nínú ìtàn náà. Dípò kó fara pamọ́, ṣe ló fi awuyewuye yẹn polówó ọjà. Àwọn èèyàn rọ́ wá wò ó.

Fíìmù rẹ̀ kejì, Within Our Gates, jáde ní Chicago ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1920. Oṣù díẹ̀ ṣáájú, rògbòdìyàn láàárín funfun àti dúdú ti pa èèyàn 38 nílùú náà, ẹ̀rù sì ń ba àwọn tó ń yẹ fíìmù wò pé èyí yóò tún dá ìjà sílẹ̀. Wọ́n kọ̀ ọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n gbà á pẹ̀lú gígé. Ohun tó dá wa lójú ni pé owó wíwá ló gba ìtàn náà kan. Olùkọ́ obìnrin kan, Sylvia Landry, kúrò ní Gúúsù lọ sí Boston láti wá dọ́là 5,000 kí ilé ìwé àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú má bàa kógbá sílé. Obìnrin olówó kan fẹ́ ràn án lọ́wọ́, ọ̀rẹ́ olówó náà ń dá a lẹ́kun, ṣùgbọ́n nígbẹ̀yìn, dọ́là 50,000 ló fi sílẹ̀. Ibì kan tún wà nínú fíìmù náà tí bàbá tó tọ́ Sylvia ti mú ìṣirò owó tí ọmọ rẹ̀ kọ sílẹ̀ lọ bá onílẹ̀ tó ń rẹ́ ẹ jẹ. Ìṣirò tó péye yẹn ló dá ìjà sílẹ̀, ẹlòmíràn yìnbọn pa onílẹ̀ náà, wọ́n sì pa ìdílé Landry lórí ohun tí wọn kò ṣe. Micheaux mọ̀ pé fún aláwọ̀ dúdú ayé ìgbà náà, kí èèyàn béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ owó lè la ikú lọ.

Owó ìpín kò lè gbé fíìmù lẹ́yìn fíìmù, nítorí náà Micheaux wá ọ̀nà kejì. Bí ó bá ti ní ìtàn tuntun, yóò ya fọ́tò díẹ̀ lára àwọn òṣèré rẹ̀, yóò wọ ọkọ̀, yóò sì máa lọ láti ilé sinimá kan sí èkejì ní àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú. Nígbà mìíràn, ó ń kó òṣèré dání, wọn yóò sì ṣe díẹ̀ nínú eré náà níwájú alákòóso ilé sinimá nínú ọ́fíìsì rẹ̀. Bí inú onítọ̀hún bá dùn, Micheaux yóò ní kó san lára owó fíìmù tí a kò tíì yà. Bó ṣe ń gba owó tuntun ló ń fi fíìmù tó ti parí hàn. Ó jọ ohun tó ṣe pẹ̀lú ìwé ní South Dakota, àfi pé ọjà ló yí padà.

Owó náà kì í pọ̀. Ilé àwọn ọ̀rẹ́ ló ń lò dípò ilé-iṣẹ́ ìyàwòrán, kì í sì í sábà ya ìran kan lẹ́ẹ̀mejì. Bí òṣèré bá ṣì ọ̀rọ̀ sọ, a lè rí àṣìṣe náà nínú fíìmù títí dòní. Ní ọdún 1925, ó fi Paul Robeson, tí gbogbo ayé wá mọ̀ lẹ́yìn náà, ṣe Body and Soul. Fíìmù tí Robeson kọ́kọ́ ṣe nìyẹn. Nítorí owó kò sí lọ́wọ́, àdéhùn wọn ni pé yóò gba owó ọ̀sẹ̀, bí owó tó wọlé bá sì kọjá dọ́là 40,000, yóò ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Robeson ṣe bí oníwàásù èké tó kó owó tí ìyá kan ti ń tọ́jú fún ọmọbìnrin rẹ̀. Ẹni tí gbogbo ìjọ fọkàn tán ni olè náà.

Ní tirẹ̀, àbúrò rẹ̀ ni Micheaux fọkàn tán. Swan Micheaux ló ń bójú tó ìwé owó àti bí fíìmù ṣe ń dé ilé sinimá, nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń rìnrìn-àjò tàbí tó ń ya fíìmù lọ́wọ́ ní New York. Nígbà tó yá, àárín wọn bàjẹ́, Swan sì fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1928, Micheaux lọ sílé ẹjọ́ láti sọ pé gbèsè ti borí òun. Dọ́là 1,400 ni gbogbo ohun tí ilé-iṣẹ́ náà ní, gbèsè tó wà lọ́rùn rẹ̀ sì jẹ́ dọ́là 7,837.

Ẹnì kan tí kò fi í sílẹ̀ ni Alice Russell, òṣèré tó fẹ́ ní oṣù Kẹta ọdún 1926. Obìnrin yìí ṣeré nínú àwọn fíìmù rẹ̀, ó sì ń bá a ṣe iṣẹ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà. Àwọn méjèèjì jọ wà títí ikú fi dé.

Àmọ́ àsìkò ti yí padà. Fíìmù tó ń fọhùn ti dé, iye tí wọ́n fi ń ṣe é ga ju ti aláìfọhùn lọ, ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà sì ti dojú dé. Owó àgbẹ̀ kò lè ká a mọ́. Micheaux darapọ̀ mọ́ Frank Schiffman àti Leo Brecher, òyìnbó méjì tó ní ilé sinimá ní Harlem. Owó wọn ni wọ́n fi ṣe The Exile ní ọdún 1931, fíìmù gígùn àkọ́kọ́ tó ń fọhùn látọwọ́ aláwọ̀ dúdú. Micheaux ni ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn méjèèjì ni àpò owó àti ilé sinimá wà. Àjọṣe náà kò pẹ́ tó fi dàrú. Kò sí nínú wọn tó mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Gregory County ṣe mọ̀ ọ́n, wọn kò sì ṣe tán láti fi owó sílẹ̀ kí ó máa dá ṣe é.

Ó ṣì ń ṣe fíìmù títí ọdún 1940, pẹ̀lú owó ibi gbogbo. Hubert Julian, ọmọ Trinidad tó gbajúmọ̀ nídìí ọkọ̀ òfurufú, wà lára àwọn tó bá a gbé fíìmù jáde nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wo fíìmù rẹ̀ náà ti ń yí padà. Ní ọdún 1938, àwọn ọ̀dọ́ fẹ̀hónú hàn ní New York nítorí God's Step Children, wọ́n ní ó tàbùkù àwọn aláwọ̀ dúdú, ilé sinimá sì gbé fíìmù náà kúrò.

Micheaux padà sí ìwé. Láàárín ọdún 1943 sí ọdún 1947, ó kọ mẹ́rin, ó tẹ̀ wọ́n fúnra rẹ̀, ó sì tún gbé wọn kiri láti tà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àìsàn oríkèé ti ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ní ọdún 1948, ó tún gbé kámẹ́rà lẹ́ẹ̀kan sí i. The Betrayal ni orúkọ fíìmù náà, ó gùn ju wákàtí mẹ́ta lọ, ìtàn àgbẹ̀ aláwọ̀ dúdú ní South Dakota ló sì tún sọ. Ilé ìṣeré kan ní Broadway ni wọ́n ti fi hàn ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Àwọn ìwé ìròyìn bù ú, owó tó ná sí i kò sì padà.

Ọjọ́ 25 oṣù Kẹta ọdún 1951 ló kú ní Charlotte, ìpínlẹ̀ North Carolina, nígbà tó wà lẹ́nu ìrìn-àjò òwò. Ọmọ ọdún 67 ni. Great Bend ní ìpínlẹ̀ Kansas, níbi tí àwọn ẹbí rẹ̀ wà, ni wọ́n sin ín sí. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni Amẹ́ríkà tó rántí rẹ̀. Ẹgbẹ́ àwọn olùdarí fíìmù fún un lámì ẹ̀yẹ ní ọdún 1986, orúkọ rẹ̀ wọ òpópónà àwọn gbajúmọ̀ ní Hollywood ní ọdún 1987, àwòrán rẹ̀ sì wà lórí sítáǹbù ní ọdún 2010. Nínú gbogbo fíìmù aláìfọhùn tó ṣe, mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù. Orílẹ̀-èdè Spain ni wọ́n ti rí Within Our Gates, Belgium sì ni wọ́n ti rí èkejì, The Symbol of the Unconquered. Ẹ̀kẹta ni Body and Soul.

Àwa kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ṣe gbogbo ohun tí Micheaux ṣe. Ẹni tó bá ń gba owó fíìmù lónìí gbọ́dọ̀ ní agbẹjọ́rò, ìwé àdéhùn tó kọ bí èrè yóò ṣe pín, àti ẹni tí kì í ṣe ẹbí tí yóò máa yẹ ìwé owó wò. Àìsí àmójútó bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó dà á láàmú. Ṣùgbọ́n bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ ṣì yẹ ká kọ́. Kó tó béèrè owó sinimá, ó ti jẹ́ kí àwọn èèyàn rí iṣẹ́ ọwọ́ òun. Ọ̀dọ̀ àwọn tó mọ̀ ọ́n ló kọ́kọ́ lọ, kì í ṣe ọ̀dọ̀ àjèjì tó ń ṣèlérí ńlá. Ó gba díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn. Ó sì kọ owó Lincoln nígbà tó rí i pé yóò gba ìtàn náà kúrò lọ́wọ́ òun.

Ní ti The Homesteader, fíìmù tí àwọn àgbẹ̀ wọ̀nyẹn dáwó fún, a kò tíì rí ẹ̀dà rẹ̀ kan ṣoṣo títí di òní. Owó wọn ló sì ṣí ọ̀nà fún gbogbo èyí tó tẹ̀lé e.